Softail 2012 àti tuner tí kò gbọ́ èdè rẹ̀: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Houston

Alùpùpù tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni Harley-Davidson Softail, mọ́dẹ́ẹ̀lì 2012, ẹ́ńjìnnì Twin Cam 103, ìyẹn 1,690 cc. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń wa tírélà ní Houston ló ni ín. Wọ́n ní láti fi ọkọ̀ mìíràn gbé e wá ni, nítorí pé kò sítáàtì mọ́. Tí wọ́n bá tan án, iná dáṣíbọọ̀dù á tàn, àmì ààbò olè tó yẹ kó kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kò ní kú, wọ́n á tẹ sítáàtì, kò sí nǹkan kan tí yóò ṣẹlẹ̀. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ látòkèdélẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń gun alùpùpù ńlá, níbí àti nílé, ló ń sọ irú owó tí ẹ̀gbọ́n sọ nù yìí nù, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí gan-an. Tuner tí wọ́n ń rà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tún ètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kọ, kò bàjẹ́, alùpùpù wọn náà kò bàjẹ́. Àwọn méjèèjì ni kò bára wọn mu.

Àlòkù ni ẹ̀gbọ́n ra Softail yìí. Ẹni tó lò ó ṣáájú wọn ti yọ sílẹ̀ńsà tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́, ó fi èyí tó fẹ̀ jù ú lọ tó sì ń dún kíkankíkan rọ́pò rẹ̀, ó sì pààrọ̀ àpótí fíltà sí èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé. Kò fọwọ́ kan brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín epo àti iná fún ẹ́ńjìnnì. Láti ọjọ́ tí alùpùpù ti dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ti ń ráhùn ooru. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òpópónà I-10, itan wọn ọ̀tún á máa gbóná bí ẹni pé ó fẹ́ jó. Bí wọ́n bá sì dẹ asílírétọ̀ láti dúró níbi iná ojú pópó, sílẹ̀ńsà á bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn, pá, pá, pá.

Ọ̀rẹ́ wọn kan ní tuner ló máa yanjú rẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn kò burú rárá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rí ẹnì kan tó ń ta àlòkù tuner ní iye tí kò tó ìdajì owó tuntun. Ẹni náà ní Harley lòun náà ń gùn, pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa lára tòun, pé Harley kan ò yàtọ̀ sí òmíràn. Nígbà tí ẹrù dé, ihò mẹ́rin ló wà lẹ́nu wáyà tuner, mẹ́fà ló wà lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì alùpùpù. Ẹ̀gbọ́n pe ẹni tó tà á. Kò jiyàn, ó ní òun ní adápítọ̀ tó máa so méjèèjì pọ̀, ó sì gba owó lórí ìyẹn náà. Wáyà kúkúrú kan ló fi ránṣẹ́, tí wọ́n fi rọ́bà dúdú wé, tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi so tuner mọ́ alùpùpù, wọ́n tan alùpùpù láìsítáàtì rẹ̀, bí ìwé tuner ṣe wí. Iná tuner tàn, ó wá kọ sí ojú rẹ̀ pé òun kò rí ọkọ̀ kankan. Wọ́n tún un ṣe títí ó fi sú wọn. Wọ́n fi téèpù lẹ wáyà náà mọ́ abẹ́ ìjókòó, kí wọ́n lè tún pe ẹni tó tà á lọ́jọ́ kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n fẹ́ gbé e jáde ni ó kọ̀ láti sítáàtì.

Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe sí i kẹ́yìn?"

"Àbúrò, mi ò ṣe nǹkan kan o. Wáyà lásán ni mo kì bọ̀ ọ́."

Wáyà lásán yẹn ni mo kọ́kọ́ wá lọ.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbi iṣẹ́ brain box, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ ìdí tí tuner fi wà. Delphi ló ṣe brain box irú Softail yìí. Kì í wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ní tààrà. Sẹ́ńsọ̀ kan ń sọ fún un bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbà wọlé, òmíràn ń sọ bó ṣe gbóná tó, òmíràn ń sọ bí kíráńkì ṣe ń yára yí. Ó máa kó àwọn wọ̀nyí lọ wo inú tábìlì nọ́ńbà kan tí ilé-iṣẹ́ kọ sínú rẹ̀, tábìlì tó ń sọ pé ní eré báyìí, nígbà tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣí tó báyìí, ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún àyè inú sílíńdà ló máa kún. Láti ibẹ̀ ni yóò ti ṣírò iye epo, tí yóò sì ṣí nọ́sù tó ń fọ́n epo fún ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, tí yóò tún tì í.

Sílẹ̀ńsà àti fíltà ilé-iṣẹ́ ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n ń kọ tábìlì yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ méjèèjì, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á ju èyí tí tábìlì mọ̀ lọ, epo á sì kéré. Brain box kò fọ́jú pátápátá sí i: sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn méjì wà nínú ọ̀nà èéfín, wọ́n ń rán an létí bí epo bá pọ̀ jù tàbí kéré jù ní ìwọ̀n nǹkan bí 14.6 afẹ́fẹ́ sí 1 epo. Ṣùgbọ́n irú sẹ́ńsọ̀ yẹn kò mọ̀ ju "ó pọ̀" àti "ó kéré" lọ. Láàárín nǹkan bí 0.1 sí 0.9 fọ́ltì ló ń sọ̀rọ̀, nǹkan bí 0.45 sì ni ààrin. Nígbà tí ẹni tó ń gùn ún bá ń lọ ní ìrọ̀rùn ni brain box ń tẹ́tí sí i. Bí ó bá ti fa asílírétọ̀ tìpá-tìpá, brain box á pa etí rẹ̀ dé sí sẹ́ńsọ̀, tábìlì nìkan ni yóò máa tẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni epo ti ń wọ́n tí ooru sì ti ń gorí ooru. Ìbọn tí ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ ni epo tí kò ráyè jó tán nínú sílíńdà tó wá ń jó nínú páìpù. Iṣẹ́ tuner ni láti wọ inú brain box kí ó sì tún tábìlì náà kọ kó bá sílẹ̀ńsà tuntun mu. Tí kò bá lè bá brain box sọ̀rọ̀, kò lè wọlé.

Mo wọn bátìrì, 12.7 fọ́ltì ni, ó pé. Mo pe kóòdù jáde lójú spídómítà. Kóòdù tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U, àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kò gbọ́ ara wọn mọ́ ni. U ló kún ibẹ̀, U0100 sì wà lára wọn, èyí tó ń sọ pé a ti pàdánù brain box ẹ́ńjìnnì lórí ìlà. Ìdí tí kò fi sítáàtì hàn sí mi nígbà náà. Lára Softail láti 2011, kọ̀ǹpútà kejì wà tó ń bójú tó iná, sítáàtì àti ààbò olè. Òun àti brain box ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kí ara wọn kí ẹ́ńjìnnì tó gbà láti jó. Bí ìkíni yẹn kò bá wáyé, brain box á rò pé olè ló gbé ọkọ̀.

Mo yọ fíúsì àgbà, nítorí a kì í wọn óòmù lára wáyà tí iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ìlà tí àwọn kọ̀ǹpútà yìí fi ń sọ̀rọ̀ jẹ́ wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, CAN High àti CAN Low. Rẹ́sísítọ̀ 120 óòmù kọ̀ọ̀kan wà ní ìparí méjèèjì ìlà náà, nítorí náà ẹni tó bá fi mítà wọn àárín méjèèjì gbọ́dọ̀ rí nǹkan bí 60. Bí mo ṣe fi mítà kan CAN High àti bọ́dì alùpùpù, ó sún mọ́ òdo: CAN High ti di nẹ́gẹ́tíìfù. Mo yọ adápítọ̀ kúrò. Mo tún wọn. 60 óòmù dé, CAN High kò sì kan bọ́dì mọ́.

Mo la rọ́bà dúdú ara adápítọ̀ náà. Ẹni tó ṣe é mọ wáyà pọ́sítíìfù, ó mọ nẹ́gẹ́tíìfù, ó sì dára pé ó so àwọn yẹn síbi tó yẹ. Àmọ́ nínú àwọn ihò tó ṣẹ́kù tí kò mọ iṣẹ́ wọn, ó so ọ̀kan mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ó sì so wáyà ọ̀rọ̀ tuner mọ́ ọ̀kan mìíràn. Àfojúdíwọ̀n ló fi ṣe é. Ìdí nìyí tí iná tuner fi tàn tí ẹ̀gbọ́n fi rò pé ó kù díẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Iná tó tàn kò sọ ju pé pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo dá fíúsì padà, mo pa kóòdù rẹ́, alùpùpù sítáàtì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tó jóná. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ CAN kó lè fara da irú ìkannẹ́gẹ́tíìfù bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n fi parí sí ẹ̀rù àti owó. Ká ní ẹni tó ṣe adápítọ̀ so 12 fọ́ltì bátìrì mọ́ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, èmi kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun kan náà ni ǹ bá máa kọ níbí.

Ẹ̀gbọ́n wá bi mí pé, ká ní adápítọ̀ náà dára ńkọ́, ṣé tuner á ṣiṣẹ́? Rárá. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Tuner oníhò mẹ́rin yẹn, èdè J1850 ló ń sọ. Èdè àtijọ́ ni, wáyà kan ṣoṣo ló ń gbà, 7 fọ́ltì ló fi ń kígbe, 10.4 kilobit ló sì ń rán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. CAN, tí Bosch gbé jáde fún gbogbo ayé ní 1986, wáyà méjì ló ń lò. Méjèèjì ń jókòó sí nǹkan bí 2.5 fọ́ltì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá dé, ọ̀kan á gòkè, èkejì á sọ̀ kalẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn ni ọ̀rọ̀ náà. Eré rẹ̀ sì lè tó 500 kilobit ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 50 ti J1850. Tí wọ́n bá gbé fóònù lé ọ lọ́wọ́ pé kí o bá ará Ṣáínà dúnàádúrà, fóònù lè dára, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já gaara, ẹ kò ní gbọ́ ara yín síbẹ̀. Wáyà lásán kò lè túmọ̀ èdè. Ohun tó bá máa túmọ̀ J1850 sí CAN gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nínú, adápítọ̀ tí wọ́n fi rọ́bà wé kò sì ní in.

Harley kò yí èdè padà ní ọdún kan ṣoṣo, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rà. Softail ló kọ́kọ́ bọ́ sórí CAN, ní mọ́dẹ́ẹ̀lì 2011. Dyna tẹ̀ lé e ní 2012. Àwọn Touring ńlá, àwọn bí Road King àti Street Glide, dúró di 2014, Sportster náà 2014. Èyí túmọ̀ sí pé Softail 2012 àti Road King 2012, tí wọ́n jáde láti ilé-iṣẹ́ kan náà lọ́dún kan náà, kò lè lo tuner kan náà. Ẹni tó ní "Harley kan ò yàtọ̀ sí òmíràn" kò purọ́ mọ̀ọ́mọ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó sọ kì í ṣe òótọ́. Ọdún tó wà lórí ìwé nìkan kò tó, orúkọ ìdílé alùpùpù náà gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì gbẹ́kẹ̀ lé ìwé, kó ka VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tó wà lára férémù. Lẹ́tà kẹwàá nínú mẹ́tàdínlógún ló ń sọ ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì: 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012. C ló wà lára ti ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn náà kó ṣí ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì àyẹ̀wò, kó ka ihò: mẹ́rin ni J1850, mẹ́fà ni CAN. Kò gba kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Mi ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n máa rò pé bóyá tuner náà yóò wúlò fún ẹlòmíràn, nítorí náà mo gbé e lọ sára Road King 2009 kan tó wà lọ́dọ̀ mi, oníhò mẹ́rin, èdè kan náà. Wọ́n gbọ́ ara wọn lójú ẹsẹ̀. Ohun tó wá kọ jáde ni pé VIN ọkọ̀ yìí kọ́ ni òun mọ̀, kò sì jẹ́ kí n ṣe nǹkan kan ju kíkà lọ.

Ìyẹn ni ìdènà kejì. Ọ̀pọ̀ tuner tó ń wọ inú brain box lọ kọ nǹkan, tí ẹ bá kọ́kọ́ lò ó, á kọ VIN alùpùpù náà sínú ara rẹ̀, á sì so ara rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan wà tí ẹ lè tú sílẹ̀ bí ẹ bá dá máàpù ilé-iṣẹ́, ìyẹn tábìlì nọ́ńbà inú brain box, padà sínú alùpùpù àkọ́kọ́ kí ẹ tó ta tuner. Àwọn kan ń béèrè kí ẹ ra láísẹ́ńsì tuntun. Àwọn kan, bí wọ́n bá ti so mọ́ ọn, ó tán títí ayé. Iye alùpùpù ni ẹni tó ṣe é ń tà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ẹni méjì ló máa ń pàdánù nínú irú títà yìí. Ẹ̀gbọ́n gba tuner tí kò wúlò. Níbì kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹnì kan wà tó ra alùpùpù àkọ́kọ́ náà, tí máàpù àjèjì wà nínú brain box rẹ̀, tí máàpù ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú tuner kan tó wà lórí tábìlì mi ní Houston. Bí ẹni yẹn bá yọ sílẹ̀ńsà rẹ̀ lọ́la tó fẹ́ padà sí ti ilé-iṣẹ́, yóò ra tuner tirẹ̀ tàbí kó sanwó fún díílà.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ tuner mìíràn tó bá ti wọn mu. Mo sọ fún wọn pé kí ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀, òfin wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn, èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Clean Air Act, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ìjọba àpapọ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe, kí ó tà, tàbí kí ó fi ẹ̀rọ tó ń yí ètò èéfín padà sára ọkọ̀ tó ń rin ojú pópó. Ìtàn tó jẹ́ kí gbogbo oníṣẹ́ alùpùpù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré wáyé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2016, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde àdéhùn kan pẹ̀lú Harley-Davidson fúnra rẹ̀. EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, ní ilé-iṣẹ́ náà ti ta nǹkan bí 340,000 "super tuner" láti 2008, tó ń jẹ́ kí alùpùpù tú èéfín sáfẹ́fẹ́ ju iye tí wọ́n fọwọ́ sí lọ. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 12 dọ́là, láti dá títà rẹ̀ dúró nílẹ̀ Amẹ́ríkà kí ọjọ́ 23 oṣù kan náà tó kọjá, láti ra èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn díílà padà kí wọ́n sì bà á jẹ́. Wọn kò gbà pé àwọn jẹ̀bi. Wọ́n ní eré ìje nínú pápá ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé tuner tí àwọn bá tún máa tà nílẹ̀ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní Executive Order, ìyẹn ìwé ìfọwọ́sí, láti ọ̀dọ̀ CARB, àjọ afẹ́fẹ́ ìpínlẹ̀ California.

Láti ìgbà náà ni nọ́ńbà Executive Order ti di ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wá lára páálí tuner. Tuner tó bá ní in máa ń ti àwọn ibì kan pa nínú tábìlì, ẹ kò ní lè fọwọ́ kan gbogbo nǹkan tó wù yín. Àwọn kan rò pé ìyẹn dín iyì rẹ̀ kù. Èrò tèmi ni pé fún ẹni tó fẹ́ kí alùpùpù òun má gbóná jù kó sì má yìnbọn, ohun tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ti tó, ó sì tún dín ewu kù fún ọwọ́ tí kò mọ ohun tó ń ṣe.

Kí a tó fi tuner tuntun sí i, mo kọ́kọ́ yẹ ohun méjì wò, torí tuner kò lè wo àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀ sàn. Mo wo gásíkẹ́ẹ̀tì ibi tí páìpù èéfín ti kan sílíńdà, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ wọlé níbẹ̀, alùpùpù á yìnbọn bákan náà, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn á sì parọ́ fún brain box pé epo kéré. Ti ẹ̀yìn ti jẹ díẹ̀, mo pààrọ̀ méjèèjì. Mo tún wo ibi tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ti kan sílíńdà bóyá ó ń jò, kò jò. Ariwo ìbọn náà dínkù lẹ́yìn gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan, kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹnu ya ẹ̀gbọ́n. Mo sọ ọ́ níbí kí ẹni tó bá ń kà á lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, owó gásíkẹ́ẹ̀tì kò jọ owó tuner rárá.

Oníhò mẹ́fà ni tuner tuntun tí ẹ̀gbọ́n rà, CAN, tí ìwé rẹ̀ dárúkọ Softail 2012 ní kedere, tó ní nọ́ńbà Executive Order, tí ẹnikẹ́ni kò lò rí. Mo so bátìrì mọ́ ṣájà kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí bí fọ́ltì bá lọ sílẹ̀ nígbà tí tuner ń kọ̀wé sínú brain box lọ́wọ́, ìwé náà lè dúró ní ìdajì, brain box tó bá sì dúró ní ìdajì lè má jí mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe pẹ̀lú rẹ̀ ni kí n ka máàpù ilé-iṣẹ́ jáde kí n sì tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi àti sínú fóònù ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo mú máàpù tó bá irú sílẹ̀ńsà àti fíltà tó wà lára rẹ̀ mu, mo sì jẹ́ kó kọ ọ́ parí láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìbọn náà dáwọ́ dúró àfi ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù. Ó ń fà láti ìsàlẹ̀ láìwúkọ́. Ooru dínkù, ẹ̀gbọ́n jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má retí iṣẹ́ ìyanu: ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù ni, kò ní rádíétọ̀, oṣù kẹjọ Houston sì ni oṣù kẹjọ Houston.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ ń gun power bike tókunbọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà kàn yín pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ẹ̀rọ yín lè yàtọ̀. Ọ̀kadà Bajaj Boxer tó kún ìgboro, èyí tó ní kabúrétọ̀ àti CDI, àpótí kékeré tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, kò ní brain box tí tuner máa bá sọ̀rọ̀. Jẹ́ẹ̀tì kabúrétọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ta tuner fún yín lórí rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Àwọn Suzuki, Honda, Yamaha àti Kawasaki oní-nọ́sù ni ẹ máa ń rí irú ẹ̀rọ bíi Power Commander lára wọn. Ìyẹn kì í wọ inú brain box, àárín brain box àti nọ́sù ló ń jókòó sí, tó ń fa àkókò tí nọ́sù fi ń ṣí gùn tàbí tó ń gé e kúrú. Èdè kọ́ ló máa dá a lẹ́bi bí kò bá bára mu. Ẹnu wáyà àti iye nọ́sù ni. Suzuki GSX-R 600 àti 750 láti 2006, nọ́sù méjì ló ní fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò lè bá a ṣe é, kódà kí orúkọ ara tánkì jẹ́ ọ̀kan náà. Ti Triumph àti KTM tí àwọn kan ń fi áàpù TuneECU ṣe lórí fóònù, ibi tó máa ń há sí ni adápítọ̀ Bluetooth pọ́ọ́kú tó ń so fóònù mọ́ alùpùpù, tí wọ́n kọ ELM327 v2.1 sí lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ayédèrú tí kò mọ gbogbo àṣẹ tí ó yẹ kó mọ̀. Wọ́n lè ka kóòdù mọ́tò dáadáa, kí wọ́n sì kú sójú ọ̀nà nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ máàpù.

Ẹni tó ta tuner àkọ́kọ́ fún ẹ̀gbọ́n dá owó adápítọ̀ padà lẹ́yìn tí wọ́n fi àwòrán wáyà inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó kọ̀ láti dá owó tuner padà, ó ní òun sọ pé àlòkù ni. Ẹ̀gbọ́n bi mí bóyá àwọn náà lè tà á fún ẹlòmíràn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ máa tà á fún?"

Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ní kí n gbà á, kí n máa fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo gé adápítọ̀ yẹn sí méjì lójú wọn. Nínú ìwé alùpùpù náà ni a kọ orúkọ tuner tuntun, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ máàpù tó wà nínú brain box àti ibi tí máàpù ilé-iṣẹ́ wà. Ẹ̀gbọ́n sì ti sọ pé bí àwọn bá ta Softail náà lọ́jọ́ kan, tuner á bá a lọ.